Kí Ló Dé Tí Jenifa Kò Fi Wọlé?

 

Ìbéèrè ọmọdé kan ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Èkó, à ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí wọ́n ṣe ń yan aṣòfin ní ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 14, nawọ́ sókè. Ó ní: «Ọ̀gá, gbogbo ayé ló fẹ́ràn Jenifa. Kí ló dé tí kò fi wọlé?» Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. A dá a lóhùn pé ìbò kì í ṣe sinimá, a sì ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Nígbà tí a délé lálẹ́ ọjọ́ náà, a rí i pé a kò dá ọmọ náà lóhùn rárá. A kàn fi ọ̀rọ̀ pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìwé, tí a sì ń wá ìdáhùn kiri. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ìkòròdú ní ìpínlẹ̀ Èkó ni a ti bí Funke Akindele ní ọdún 1977. Eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ I Need to Know, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlera wọn, ni àwọn ènìyàn fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ní nǹkan bí ọdún 1998. Ní 2008 ni Jenifa jáde. Suliat, ọmọ ìgbèríko tó wọ yunifásítì láàárín àwọn ọmọ ìlú ńlá, sọ ara rẹ̀ ní Jenifa kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2009, ó gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà nítorí eré yẹn.

Àwa ará òkè kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Suliat fún wa. Ọmọ tó ti abúlé lọ sí Cotonou fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń fi ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ ilé wa ni. Fíìmù náà dé ọ̀dọ̀ wa nínú CD, lẹ́yìn náà ó dé nínú kààdì kékeré tí à ń kì bọ inú fóònù. Èdè Ìdáàṣà tí à ń sọ àti Yorùbá Èkó kò rí bákan náà, síbẹ̀ àwọn ìyá wa ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ohùn Jenifa dá ara wọn lẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2022, Abdul-Azeez Adediran, tí wọ́n ń pè ní Jandor, kéde pé Funke Akindele ni òun mú ṣe igbákejì òun. Jandor ni olùdíje ẹgbẹ́ PDP fún ipò gómìnà Èkó. Nínú ìdìbò yẹn kan náà, Tonto Dikeh, òṣèrébìnrin mìíràn, di olùdíje fún ipò igbákejì gómìnà ní ìpínlẹ̀ Rivers lábẹ́ ẹgbẹ́ ADC. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àsìkò àwọn òṣèré ti dé nínú òṣèlú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n dìbò. Sanwo-Olu ti ẹgbẹ́ APC, tó wà lórí àlééfà tẹ́lẹ̀, ní ìbò 762,134. Rhodes-Vivour ti ẹgbẹ́ Labour ní 312,329. Jandor àti Funke Akindele ní 62,449. Ìbò wọn kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbò ẹni tó wọlé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro nìyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 kan náà, ó gbé fíìmù tuntun jáde, A Tribe Called Judah. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2024 máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, owó tí àwọn ènìyàn san ní ilé sinimá láti wò ó ti ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Kò sí fíìmù Nàìjíríà kankan tó ti pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀ ní ilé sinimá ilẹ̀ náà. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí i kò dín kù, nígbà náà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń sanwó láti wò ó, wọn kò sì dìbò fún un.

Nígbà tí a bi àwọn àgbà kan léèrè, èsì wọn yá: «Oníṣeré ni. Ta ló máa gbé ìlú lé oníṣeré lọ́wọ́?» Ẹlòmíràn ní: «Obìnrin ni.» A fẹ́ yẹ èsì méjèèjì wò.

Ti pé ó jẹ́ òṣèré kọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, eré àti òṣèlú ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1945 ni Hubert Ogunde, ọmọ Ososa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ló fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945 ṣe eré, àwọn aláṣẹ òyìnbó kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1964, ó gbé Yorùbá Ronú jáde, nípa ìjà tó ń fọ́ ilé Yorùbá nígbà náà. Ìjọba Akintọ́lá fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó di ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, kí wọ́n tó tú òfin náà ká.

Ìjọba kì í fòfin de ohun tí kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Ogunde kò du ipò kankan. Ìta ló dúró sí tó ń bá ọba àti ìjòyè wí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jókòó nínú ilé gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ohùn dídùn. Kí a tó lè mọ nǹkan náà, ó yẹ ká lọ sí ibi tí òṣèrébìnrin ti wọlé ní tòótọ́.

Ibẹ̀ ni Íńdíà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ rántí pé kí fíìmù Yorùbá tó gba ìgboro, fíìmù àwọn ará Íńdíà là ń wò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní film hindou. A kò gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ à ń sunkún nígbà tí wọ́n bá ń sunkún. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù ilẹ̀ náà, àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin àwa ará Benin lọ. Níbẹ̀ ni Jayalalithaa ti di olórí ìjọba.

A bí i ní 1948. Òṣèré ni ìyá rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé púpọ̀, ó sì fẹ́ tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fà á wọ sinimá nígbà tó wà ní ọmọ ọdún bíi 16. Ó ṣe fíìmù tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló bá M. G. Ramachandran ṣe. MGR ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, òun sì ni àwọn tálákà ibẹ̀ fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo òṣèré.

Ẹ wá wo ohun tó wà nídìí MGR. Láti ọdún 1949 ni àwọn òǹkọ̀wé eré ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ níbẹ̀, DMK. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn sínú fíìmù, MGR sì ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ abúlé ló ní ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ MGR. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kò dúró sórí ká kàn máa wo sinimá. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń gba orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn jáde lọ́jọ́ ìbò. Ọdún 18 ni DMK fi ṣiṣẹ́ yìí kó tó gbàjọba ní 1967. Nígbà tí wọ́n lé MGR kúrò ní 1972, tó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ yìí tẹ̀lé e. Ó di olórí ìjọba ní 1977.

Jayalalithaa wọ ẹgbẹ́ yẹn ní 1982. Ní 1983, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé tó ń polongo ẹgbẹ́, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ní 1984, wọ́n rán an lọ sí ilé aṣòfin àgbà ní Delhi. Nígbà tí MGR kú ní oṣù kejìlá ọdún 1987, obìnrin yìí dúró ti òkú náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, wọ́n tì í kúrò lórí ọkọ̀ òkú náà lójú gbogbo ayé. Janaki, ìyàwó MGR, tí òun náà ti jẹ́ òṣèré, ni wọ́n fi jókòó sórí àlééfà. Ìjọba rẹ̀ kò pé oṣù kan tó fi wó.

Ẹgbẹ́ pín sí méjì. Ní ìdìbò ọdún 1989, apá ti Jayalalithaa gba ìjókòó 27, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí àwọn alátakò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé aṣòfin. Aṣọ rẹ̀ ya, irun rẹ̀ tú, ó sì búra pé òun kò ní padà síbẹ̀ àfi bí òun bá di olórí ìjọba. Ní 1991, ó padà gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Òtítọ́ ni pé wọ́n pa Rajiv Gandhi ní ìpínlẹ̀ náà ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àánú tí àwọn ènìyàn ṣe sì ran òun àti ẹgbẹ́ Congress tí wọ́n jọ ṣe lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ti wà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e dé ibì kankan.

Ní 1992, ó dá àgọ́ ọlọ́pàá tó jẹ́ ti obìnrin nìkan sílẹ̀, kí obìnrin tí wọ́n lù nílé lè rí ẹni fi ẹjọ́ sùn. Ní 2013, ó ṣí àwọn ilé oúnjẹ tí tálákà ti lè jẹun ní owó táṣẹ́rẹ́. «Amma» ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé ìyá. Àwọn ará ìlú tún lé e kúrò ní 1996, ìbò agbègbè tirẹ̀ pàápàá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà wá ní 2001. Nígbà tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2016, orí àlééfà ló wà.

A kò ní fi apá kan ìtàn pamọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ọrọ̀ tó ní ju owó tó ń wọlé fún un lọ, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ mìíràn tú u sílẹ̀ ní 2015, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà fọwọ́ sí ìdájọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń pe olórí ní ìyá kì í béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn.

Ní báyìí, a lè dá ọmọ wa lóhùn. Jayalalithaa wọ ẹgbẹ́ ní 1982, ó dé ipò ní 1991: ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí wọ́n kéde Funke Akindele títí dé ọjọ́ ìbò, oṣù mẹ́jọ ni. Àárín oṣù mẹ́jọ yẹn náà ló tún gbé fíìmù Battle on Buka Street jáde, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ẹni tó gbin iṣu ní àná kò lè gún iyán rẹ̀ lónìí.

Ìdáhùn kejì ni ẹgbẹ́ tó gbé e. Láti 1999 ni àwọn kan náà ti ń ṣàkóso Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń yí padà. PDP kò tíì gba ipò gómìnà níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n dìbò ààrẹ, Labour ní ìbò 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606, PDP ní 75,750 péré. Ilé náà ti ń jò kí Funke Akindele tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi wé Desmond Elliot, òṣèré bíi tirẹ̀. Inú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló ti jáde ní Sùúrùlérè ní 2015, ó sì dé ilé aṣòfin Èkó. Ẹ tún wo John Dumelo ní Ghana. Ó fìdí rẹmi ní agbègbè Ayawaso West Wuogon ní 2020, ó tún jáde níbẹ̀ kan náà ní 2024, ó sì wọlé. Pé ẹnì kan jẹ́ òṣèré kò dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ìdáhùn kẹta ló kan ọ̀rọ̀ «obìnrin ni». Ẹ wo àwọn igbákejì gómìnà Èkó: Sinatu Ojikutu ní 1992, Kofoworola Bucknor-Akerele ní 1999, Sarah Sosan ní 2007, Adejoke Orelope-Adefulire ní 2011, Idiat Adebule ní 2015. Obìnrin márùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó di gómìnà. Ní gbogbo Nàìjíríà, kò tíì sí obìnrin tí wọ́n dìbò yàn sí ipò gómìnà. Àwọn ará ìlú kò kọ obìnrin lórí ìwé ìbò. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ni kì í fi orúkọ rẹ̀ sí òkè ìwé náà. Wọ́n ń fún un ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá, kí ojú rẹ̀ lè fa èrò wá, kí ẹlòmíràn sì máa pàṣẹ. Ibi tí wọ́n fi Funke Akindele sí nìyẹn: àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló ń du ipò.

Kí ló kan àwa nínú èyí? Oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n fi ìdìbò aṣòfin àti ti ìbílẹ̀ sí ní ilẹ̀ wa. Òfin ìdìbò ọdún 2019 ya ìjókòó 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 109 tó wà ní ilé aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan fún agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpolongo ìbò ṣe ń rí ní abúlé wa. Àwọn obìnrin ló ń ran aṣọ kan náà, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń jó nínú eruku láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó bá di alẹ́, tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sínú ìwé olùdíje, àwọn ọkùnrin mélòó kan á jókòó nínú yàrá, wọn á wá obìnrin kan tí kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Òṣèré ni wọ́n fi gbogbo àwọn ìyá wa ṣe, eré wọn sì ń parí lọ́jọ́ ìbò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé obìnrin kan wá bá wa, ìbáà jẹ́ olórin, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ aláta, ìbéèrè mẹ́ta ni ká bi wọ́n. Ọdún mélòó ló ti fi ń bá wa jókòó ní ìpàdé ṣáájú ìdìbò yìí? Ta ló yàn án, àwọn ará ìlú ni àbí ọ̀gá kan? Bó bá wọlé, ta ló máa béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni má sì fi oríyìn tan ara rẹ̀ jẹ. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a pàdé ọmọ náà lọ́nà odò. Ó ti pé ọmọ ọdún 16, omi wà lórí rẹ̀. A sọ fún un pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn kan. Ó sọ omi kalẹ̀, ó sì fetí sílẹ̀ títí a fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, láti Èkó dé Íńdíà. Kò bi wá nípa Jenifa mọ́. Ó ní: «Ọdún mẹ́sàn-án? Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lónìí ńkọ́?» A bá a ṣírò rẹ̀. Yóò jẹ́ ọmọ ọdún 25. Ó ronú díẹ̀, ó ní ká bá òun gbé omi náà rù, ó sì ń lọ sílé.